Gbígbé Ètò Iṣẹ́ láti Orí Kọ̀ǹpútà sínú Ẹ̀rọ CNC Àtijọ́

Ẹ̀rọ CNC ni ẹ̀rọ tí ń gé irin, igi tàbí ike, tí ń lu ihò sí i, tí ń fá a, nípa kíka ìtọ́ni tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀ fún un. Apá tó ń ka ìtọ́ni náà, tó sì ń pàṣẹ fún àwọn mọ́tò, ni à ń pè ní kọ̀ńtírólà; ìtọ́ni náà fúnra rẹ̀ ni ètò. Ètò kò ju ọ̀rọ̀ lásán lọ, ìlà lórí ìlà: G01 ní kí ẹ̀rọ rìn ní tààrà, X, Y àti Z sọ ibi tí yóò dé, F sọ bí yóò ṣe yára tó. Orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń jáde lónìí, láti inú sọ́fítíwíà tí ń sọ àwòrán di ìtọ́ni. Bí ètò náà ṣe ń kúrò níbẹ̀ dé inú ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí.

Lórí ẹ̀rọ tuntun, kò sí wàhálà níbẹ̀. A ó ti fláàṣì bọ ihò rẹ̀, tàbí kí a fi fáìlì ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó parí. Àmọ́ ẹ̀rọ irin kì í tètè gbó. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1985 lè máa gé irin dáadáa títí di òní bí wọ́n bá ń bu epo sí i lásìkò. Kọ̀ńtírólà rẹ̀ nìkan ni ayé ti lọ fi sílẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni kọ̀ńtírólà tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 1975 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí: FANUC 6 àti FANUC 0, Heidenhain TNC 155, Mazatrol, àwọn Haas àkọ́kọ́ àti ẹgbẹ́ wọn. Wọn kò mọ kọ̀ǹpútà. Ohun tí àwọn tó ṣe wọ́n rò pé yóò wà ní òdìkejì wáyà ni ẹ̀rọ tí ń ka tépù oníhò, kọ̀ǹpútà tó bá sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tòun ní láti ṣe ara rẹ̀ bí tépù. Ẹni tí èyí bá yé, á mọ ìdí tí gbogbo nǹkan tó ṣàjèjì nínú iṣẹ́ náà fi rí bó ṣe rí. Ẹni tí kò yé á kàn máa yí pàrámítà, àwọn nọ́ńbà ìtò inú kọ̀ńtírólà, kiri ni.

Láti ọ̀dọ̀ tépù

Ní Traverse City, ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, John T. Parsons ń ṣe abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikópítà. Òun àti Frank Stulen, ẹnjiníà rẹ̀, ń fi ẹ̀rọ oníkáàdì IBM ṣírò àwọn ojú àmì tí ẹ̀gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rò ó pé bí nọ́ńbà bá lè sọ ibi tí ojú àmì wà, nọ́ńbà kan náà lè darí ẹ̀rọ débẹ̀. Ní 1949, àwọn ológun ojú òfurufú Amẹ́ríkà gbé owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ó dé ọ̀dọ̀ Servomechanisms Laboratory ní MIT, ní 1952 wọ́n sì fi ẹ̀rọ Cincinnati Hydro-Tel kan han aráyé, tí ohun tí tépù oníhò bá sọ ni ó ń ṣe. Ní Japan, Fujitsu ṣe kọ̀ńtírólà àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní 1956 lábẹ́ Seiuemon Inaba. Ní 1972 apá Fujitsu tó ń ṣe kọ̀ńtírólà yìí dá dúró, ó di FANUC, iléeṣẹ́ tí kọ̀ńtírólà rẹ̀ tàn káàkiri ayé débi pé ohun tí FANUC bá ṣe ni ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ń wò ṣe.

Tépù tó wá gbilẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 1. Ojú ihò 8 ló wà ní ìbú rẹ̀, ìlà ihò kan sì ni àmì kan, ìbáà jẹ́ lẹ́tà tàbí nọ́ńbà. Àmì 10 ni ó ń wọ inú ínǹṣì kan, èyí tó fi jẹ́ pé mítà kan kò gbà ju nǹkan bí 394 lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé ìtọ́ni FANUC fi ń fi mítà wọn ìrántí ẹ̀rọ, tí wọ́n á ní èyí ní mítà 40, tọ̀hún ní 80 tàbí 320, pẹ̀lú pé kò sí tépù kankan nínú rẹ̀ mọ́. Mítà 40 tó nǹkan bí kílóbáìtì 16; 320 tó nǹkan bí 128. Bí ẹnì kan bá fẹ́ lu fọ́tò fóònù tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 3 sára irú tépù bẹ́ẹ̀, kìlómítà 7 kò ní gbà á tán.

Kóòdù méjì ni wọ́n fi ń lu tépù. Nínú EIA, iye ihò tó wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ṣeé pín sí méjì. Nínú ISO, ó gbọ́dọ̀ ṣeé pín. Ní ti ISO, ihò méje ló ń sọ ọ̀rọ̀, ìkẹjọ kò sọ nǹkankan: iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú kí iye náà ṣeé pín sí méjì. Bí eruku tàbí òróró bá dí ihò kan, ìṣirò náà kò ní bára mu mọ́, ẹ̀rọ á dúró kó tó ba irin jẹ́. Nígbà tí wáyà gba ipò tépù, ihò méje yẹn di bíìtì 7, ìkẹjọ di párítì. Bíìtì ìdádúró méjì tí wọ́n fi ń parí àmì kọ̀ọ̀kan wá láti ara Teletype bí ASR-33, tí irin inú rẹ̀ nílò àyè díẹ̀ láti padà sí ipò kí àmì mìíràn tó wọlé. Nítorí náà, bí a bá rí i tí FANUC ń béèrè baud 4800 (bíìtì 4800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), bíìtì 7, párítì even àti bíìtì ìdádúró 2, kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó tó kàn mú nọ́ńbà bó ṣe wù ú. Tépù ló ń sọ̀rọ̀.

Àmì % tí ètò fi ń bẹ̀rẹ̀, tó sì fi ń parí, láti ibẹ̀ náà ni. Òun ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí tépù ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò dúró sí nígbà tí wọ́n bá ń ká a padà. Gbogbo ohun tó bá ṣáájú òpin ìlà àkọ́kọ́ ni kọ̀ńtírólà máa ń fò, nítorí pé orí tépù níbẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń lu ihò sí ní ìrísí lẹ́tà kí ojú ènìyàn lè ka orúkọ iṣẹ́ náà. Òpin ìlà àkọ́kọ́ yìí náà ni FANUC fi ń mọ̀ bóyá EIA tàbí ISO ni wọ́n ń bá òun sọ. Ẹni tó bá yọ % kúrò nínú fáìlì rẹ̀ nítorí pé kò rí ìwúlò rẹ̀ á rí i pé ẹ̀rọ kàn ń dúró ni, kò ní gbà, kò ní kọ̀.

Wáyà àti ẹsẹ̀ rẹ̀

RS-232 ni orúkọ òfin tó de wáyà náà. Ó kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ńtírólà sì ń tẹ̀lé ni RS-232-C ti 1969. Ara ẹ̀rọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 25 ni à ń bá. Ara kọ̀ǹpútà, ẹlẹ́sẹ̀ 9 ni, láti ìgbà tí IBM ti gbé e sára PC/AT ní 1984. Ìyàtọ̀ yìí ló ti fi ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ 25, ẹsẹ̀ 2 ń sọ̀rọ̀, 3 ń gbọ́, 7 ni ilẹ̀. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ 9, wọ́n yí i padà: 2 ló ń gbọ́, 3 ló ń sọ̀rọ̀, 5 ni ilẹ̀. Gbogbo ènìyàn ti gbọ́ pé a gbọ́dọ̀ fi wáyà méjèèjì kọjá ara wọn kí ẹnu ọ̀kan lè bọ́ sí etí èkejì, wọ́n á sì so 2 mọ́ 3, wọ́n á so 3 mọ́ 2. Láàárín 9 kọ̀ǹpútà àti 25 ẹ̀rọ, aṣiṣe ni. Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì ti yí ara wọn po tẹ́lẹ̀, nítorí náà 2 á lọ sí 2, 3 á lọ sí 3, 5 á lọ sí 7.

Àwọn ẹsẹ̀ yòókù wà fún ìbéèrè àti ìdáhùn: ṣé o ti múra tán, mo ti múra tán. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa dá ara rẹ̀ lóhùn. Ní apá ẹ̀rọ, a ó so 4 àti 5 pọ̀, a ó so 6, 8 àti 20 pọ̀. Ní apá kọ̀ǹpútà, a ó so 7 àti 8 pọ̀, a ó so 1, 4 àti 6 pọ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, FANUC á gbé àláàmù 086 jáde, ó ń wí pé ẹni tó wà ní òdìkejì kò tíì múra.

Ẹsẹ̀ 25 lára FANUC ni kí ènìyàn bẹ̀rù. Fólìtì 24 ń bẹ lórí rẹ̀ láti fi fún ẹ̀rọ alágbèéká tí ń ka tépù níná. Wáyà tí wọ́n rà lọ́jà, tí gbogbo ẹsẹ̀ 25 rẹ̀ so tààrà láti orí dé ìdí, á gbé fólìtì yìí lọ sí ibi tí kò yẹ kó dé. Wáyà tí a fi ọwọ́ jó, tí kò ní ju ẹsẹ̀ tí a nílò lọ, ló dára jù, kò sì wọ́n.

Iná orí wáyà náà kò rí bí ènìyàn ṣe lè rò. Láàárín fólìtì −3 sí −15 ni 1, láàárín +3 sí +15 ni 0. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ kankan lórí wáyà, ẹsẹ̀ tí ń sọ̀rọ̀ máa ń wà ní −. Ẹni tó ní mítà iná lè fi èyí yanjú àríyànjiyàn lójú ẹsẹ̀: kó fi ọwọ́ dúdú kan ẹsẹ̀ ilẹ̀, kó fi pupa kan 2, lẹ́yìn náà 3. Èyí tó bá fún un ní nǹkan bí −9 ni ẹnu, ohun yòówù kí àwòrán inú ìwé sọ.

RS-232-C fi mítà 15 ṣe ààlà gígùn wáyà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń kọjá rẹ̀ nípa dídín baud kù, ó sì ń ṣiṣẹ́, bí wáyà náà bá ní aṣọ irin tí wọ́n dè mọ́ ilẹ̀ ní apá kan. Ohun tí ń pa pọ́ọ̀tù ju gígùn lọ ni ilẹ̀ méjì. Bí kọ̀ǹpútà bá ń jẹ iná níbì kan, tí ẹ̀rọ ńlá ń jẹ iná níbòmíràn, ilẹ̀ àwọn méjèèjì lè yàtọ̀ sí ara wọn ní fólìtì mélòó kan, wáyà tín-ín-rín yìí nìkan ni iná náà á sì rí gbà kọjá. Àwọn chip 1488 àti 1489 tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n fi ń gbọ́, ni wọ́n kọ́kọ́ ń jóná. Nítorí èyí ni àwọn tó mọṣẹ́ kì í ti wáyà bọ ẹ̀rọ tàbí yọ ọ́ nígbà tí iná bá wà lára àwọn méjèèjì, tí wọ́n sì máa ń fi ohun ìyàsọ́tọ̀ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ kọjá sáàárín. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n yọ kúrò lára iná, tó ń lo bátìrì rẹ̀, bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn

Lórí FANUC 0, ọwọ́ iṣẹ́ náà kò gùn. A ó yí ẹ̀rọ sí EDIT, a ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ààbò ètò, a ó tẹ PRGRM, a ó kọ O àti nọ́ńbà ètò náà, a ó sì tẹ INPUT. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, LSK tàbí SKP, á máa tàn, á máa kú nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, ìyẹn ni pé ó ń retí òpin ìlà àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn ni kọ̀ǹpútà tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́. Ẹni tí ń gbà ni kó kọ́kọ́ múra, kì í ṣe ẹni tí ń fún ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló fẹ́ fi ètò ránṣẹ́ jáde, kọ̀ǹpútà ni kó kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀. Fún ẹ̀rọ tí a kò tíì bá sọ̀rọ̀ rí, láti inú ẹ̀rọ wá sórí kọ̀ǹpútà ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tó jáde bá ṣeé kà, a mọ̀ pé baud àti párítì bára mu, fáìlì tó jáde yẹn gan-an á sì fi bí ẹ̀rọ ṣe fẹ́ kí tirẹ̀ rí hàn wá: lẹ́tà ńlá, % ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, O àti nọ́ńbà rẹ̀, bí ìlà ṣe ń parí.

Tí ó bá jẹ́ pé àwọn àmì tí kò nítumọ̀ ló jáde, baud ló sábà máa ń ṣì. Bí ẹ̀rọ ni ó ń gbà tó sì gbé 085 jáde, ọ̀rọ̀ kò wọ etí rẹ̀ dáadáa: baud, iye bíìtì tàbí párítì. Lórí àwọn FANUC tó tẹ̀lé e, bíi 16i, 18i, 21i àti 0i, pàrámítà 20 ló ń sọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ á gbà wọlé. Bí ó bá jẹ́ 0, àwọn pàrámítà 101 sí 103 ló tọ́jú ìlànà rẹ̀. Nínú 103, nọ́ńbà 10 túmọ̀ sí 4800, 11 sí 9600, 12 sí 19200. Àwọn àláàmù mìíràn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú wáyà rárá: 073 ní ètò tó ní irú nọ́ńbà yẹn ti wà nílé, 070 ní ilé ti kún.

Èyí tó ti fa orí fífọ́ jù ni 087. Kọ̀ǹpútà yára ju kọ̀ńtírólà lọ, kọ̀ńtírólà sì ní bọ́fà kékeré kan tí ó fi ń gba ọ̀rọ̀ dání. Bí bọ́fà bá fẹ́ kún, FANUC á ju àmì DC3 sí kọ̀ǹpútà pé kó dúró. Tí ó bá ti jẹ èyí tó wà lẹ́nu tán, á ju DC1 pé kó máa bọ̀. Láti ayé Teletype ni àwọn àmì yìí ti wá: DC1 ń tan ẹ̀rọ tí ń ka tépù, DC3 ń pa á, DC2 ń tan èyí tí ń lu ihò, DC4 ń pa á. Ẹ̀rọ tí ń ka tépù lè dúró lójú ẹsẹ̀. FANUC kò fi àyè ju àmì 10 lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ní kí ó dúró. Bí àmì bá ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, 087 nìyẹn. Ẹ wá wo kọ̀ǹpútà. Chip 16550A tó wà nínú pọ́ọ̀tù rẹ̀ lè kó àmì 16 sẹ́nu kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn jáde. Sọ́fítíwíà lè ti gbọ́ DC3 kó sì ti dákẹ́, èyí tó wà lẹ́nu chip á ṣì máa dà jáde, 16 sì ju 10 lọ. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí a wọ inú Device Manager lórí Windows, kí a dín bọ́fà pọ́ọ̀tù náà kù tàbí kí a pa á pátápátá, kí a sì rí i pé XON/XOFF wà ní títàn nínú sọ́fítíwíà, nítorí pé DC1 àti DC3 náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tuntun kò ní pọ́ọ̀tù ẹlẹ́sẹ̀ 9 mọ́, ohun tí wọ́n ń lò ni okùn tí ń sọ USB di RS-232. Bọ́fà ti àwọn yẹn tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ sì ń lọ lórí USB ní ìdì ìdì. Èyí tí chip inú rẹ̀ lè dá XON/XOFF mọ̀ fúnra rẹ̀, bíi ti FTDI, ni ó máa ń ṣeé gbára lé. Ayédèrú chip Prolific kún ọjà, ọ̀pọ̀ wọn ni Windows kì í sì fẹ́ dá lóhùn lẹ́yìn tí ó bá ti gba sọ́fítíwíà tuntun. Èyí tó wọ́n díẹ̀ ló dín owó kù níbí.

Ní ti sọ́fítíwíà, kò pọn dandan kó jẹ́ olówó. HyperTerminal wà nínú Windows láti 95 títí dé XP, wọ́n yọ ọ́ nínú Vista. Tera Term, tó wá láti Japan, ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ púpọ̀ máa ń ra CIMCO tàbí Predator, tí òṣìṣẹ́ lè dúró sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ kó béèrè ètò tó fẹ́ láìrìn dé ìdí kọ̀ǹpútà. Àpótí kékeré bíi Moxa NPort náà wà, tí ń gba ọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ń fi RS-232 gbé e fún ẹ̀rọ. Pẹ̀lú rẹ̀, wáyà gígùn kò sí mọ́, mítà kan péré ló kù.

Àwọn tí kì í ṣe FANUC

Párítì ní àìlera kan. Bí bíìtì kan bá yí padà lójú ọ̀nà, ó máa ń mọ̀. Bí méjì bá yí padà pọ̀, kò mọ̀. Nínú kóòdù ISO, 0 jẹ́ 0110000, 3 jẹ́ 0110011. Ariwo iná láti ara mọ́tò ńlá kan lè sọ X10.0 di X13.0, àláàmù kankan kò sì ní dún títí irin ìgé fi máa gbá ohun tí kò yẹ kó gbá.

Àwọn ará Heidenhain ní Traunreut, ní gúúsù Jámánì, rí èyí tẹ́lẹ̀. Kọ̀ńtírólà TNC wọn lè ṣiṣẹ́ ní ìlànà FE, tí wọ́n sọ ní orúkọ ẹ̀rọ flọ́pì FE 401 tí wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀: ìdì kọ̀ọ̀kan ní àmì àyẹ̀wò lẹ́yìn, ẹni tó gbà á á dáhùn pé ó dára tàbí kó ní kí a tún un fi ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tó bá ní TNCremo, sọ́fítíwíà Heidenhain fúnra rẹ̀, lè ṣe bíi FE 401. Àwọn TNC tó tẹ̀lé e lo LSV-2, tó tún lágbára sí i. Haas ti California, tó gbé VF-1 jáde ní 1988, fi XMODEM kún ohun tí òun gbọ́. Ward Christensen ló ṣe é ní 1977, ó ń kó báìtì 128 sínú ìdì kan, ó sì ń ṣírò wọn. Setting 11 sí 14 ni wọ́n ti ń tò ó lórí Haas. Bí ilé iṣẹ́ bá kún fún ariwo iná, XMODEM ni mo máa yàn níbẹ̀ láìwo ẹ̀yìn.

Mazatrol ti Mazak yàtọ̀ pátápátá. Ètò rẹ̀ kì í ṣe G01 àti X. Ìbéèrè ni ẹ̀rọ ń bi òṣìṣẹ́, tí òṣìṣẹ́ ń dáhùn, ohun tó sì ń tọ́jú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ojú lè kà. Ìlànà bíìtì 7 kò ní lè gbé e. A gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ètò Mazatrol tàbí ètò EIA, orúkọ tí Mazak ń pe ètò G01 àti X, ni a fẹ́ gbé kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ tirẹ̀.

Ètò tó ju inú ẹ̀rọ lọ

Nígbà tí sọ́fítíwíà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ètò fún àwọn tí ń gbẹ́ mọ́ọ̀dù ike, ètò kan lè tó mẹ́gábáìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mítà 320 tépù kò lè gbà ju nǹkan bí ìdá mẹ́jọ rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé kọ̀ǹpútà á máa fún ẹ̀rọ ní ìlà díẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ á máa gé e bó ṣe ń gbà á, láìtọ́jú rẹ̀. Èyí ni DNC. Lórí FANUC, ojú TAPE ni wọ́n máa ń yí ẹ̀rọ sí kó lè ṣe é, orúkọ tí kò nílò àlàyé.

Níbí ni ìyára wáyà ti ń hàn lára iṣẹ́. Àmì kọ̀ọ̀kan gba bíìtì 11: ọ̀kan ìbẹ̀rẹ̀, 7, párítì, méjì ìdádúró. Ní baud 4800, àmì 436 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà bíi X12.345Y-6.789Z0.125 gba nǹkan bí àmì 20, nítorí náà ìlà 21 ló ń dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá gbé irin ìgé lọ ní mìlímítà 0.1 péré, ẹ̀rọ kò lè rìn ju mìlímítà 130 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kódà bí F bá ní kó rìn 1000. Ní 9600, nǹkan bí 260. Ebi ń pa ẹ̀rọ náà ni: ó rìn, ó dúró de ọ̀rọ̀, ó tún rìn, ibi gbogbo tí ó bá sì ti dúró ni irin ìgé á ti fi ojú àpá sára mọ́ọ̀dù. Àwọn tó mọ̀ máa ń gbé baud sókè, wọ́n á yọ nọ́ńbà ìlà àti àyè tí kò wúlò kúrò nínú fáìlì, wọ́n á sì ní kí sọ́fítíwíà lo ìyíká níbi tó bá ti ṣeé ṣe dípò ẹgbẹ̀rún ìlà tóótòòtó. Ohun mìíràn ni àpótí BTR, tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ibi tí ẹ̀rọ tí ń ka tépù ti wọlé sínú kọ̀ńtírólà, tó ń fi gbogbo ojú ihò 8 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kọ̀ńtírólà tí kò tilẹ̀ ní RS-232 rárá, èyí nìkan ló lè gbà wọ́n là.

Flọ́pì àti káàdì

Lẹ́yìn wáyà, flọ́pì ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láàárín 1988 sí 2003 ní ihò rẹ̀, ti ínǹṣì 3.5, 720K tàbí 1.44MB. Sony, tó ṣẹ̀dá irú flọ́pì yìí, ṣíwọ́ títà á ní 2011, èyí tó kù lọ́jà sì jẹ́ ti àtijọ́ tàbí tí wọ́n ti lò rí. Gotek ni àwọn ènìyàn fi ń rọ́pò rẹ̀: àpótí tó tóbi bí ilé flọ́pì gan-an, tó ń lo wáyà ẹlẹ́sẹ̀ 34 kan náà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ fláàṣì USB ni wọ́n ń ti bọ̀ ọ́. Kọ̀ńtírólà kò ní mọ̀. Kí a kàn rí i pé irú ìtò tí ẹ̀rọ fẹ́, 720 tàbí 1440, ni a tò ó sí.

Àwọn FANUC tó ní ihò PCMCIA lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wọn ló rọrùn jù. Káàdì CompactFlash tí kò ju gígábáìtì 2 lọ, nínú ilé PCMCIA rẹ̀, pàrámítà 20 sí 4, ó parí. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí ó sì rí ihò yìí lára rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì ohun tí mo ti ń sọ bọ̀.

Bátìrì

Ìrántí àwọn kọ̀ńtírólà wọ̀nyí kì í dúró láìsí iná. Bátìrì ló ń dì í mú nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa. Lórí FANUC 0, bátìrì ńlá D mẹ́ta, fólìtì 4.5 lápapọ̀, nínú ilé kékeré kan. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà ní títàn nígbà tí a bá ń pààrọ̀ wọn, nítorí pé bí a bá yọ wọ́n nígbà tí iná kò sí, gbogbo ètò àti pàrámítà á lọ, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lánàá á di irin lásán. Níbi tí iná bá ti ń lọ lójijì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìsí jẹnẹrétọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ń kú lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ètò nìkan, nítorí pé ètò ṣeé tún ṣe. Pàrámítà ni ó ń sọ fún kọ̀ńtírólà irú ẹ̀rọ tí ó wà nínú rẹ̀: bí gígùn ọ̀nà rẹ̀ ṣe tó, iye ìyíká mọ́tò fún mìlímítà kan, ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá. Lórí FANUC 0, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti 900 ló ń ṣí àwọn àǹfààní tí oníbàárà sanwó fún, wọ́n sì máa ń fi ìwé tí wọ́n tẹ̀ wọ́n sí ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ nígbà tó kúrò ní iléeṣẹ́. Nítorí náà, ọjọ́ tí wáyà bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a kó gbogbo rẹ̀ jáde sórí kọ̀ǹpútà kí a tó kó ohunkóhun wọlé.

Lórí 16i, 18i, 21i àti 0i, èyí kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ: a ó di bọ́tìnnì méjì tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún lábẹ́ ojú ẹ̀rọ mú bí a ṣe ń tan án, ojú BOOT á yọ, níbẹ̀ ni a ó ti kó gbogbo SRAM, ìyẹn ìrántí tí bátìrì ń dì mú, sórí káàdì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. FANUC 0 kò ní irú rẹ̀. Orí wáyà ni tirẹ̀ á gbà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, pàrámítà, ti PMC (apá kọ̀ńtírólà tí ń darí àwọn bọ́tìnnì àti suwíìṣì ẹ̀rọ), òdiwọ̀n irin ìgé, mákírò, kí ó tó kan ètò, ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ẹ̀rọ sì ni kálukú wọn ti ń jáde.